Yọmí Abẹ́-Omi àti Aṣọ Ìrìbọmi Ìyá Ẹ̀

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ní Ọ̀fàtẹ̀dó, tí ẹ ní Ọlọ́runyọmí Gbádéyan lẹ ń wá, wọ́n á kàn máa wò yín lójú ni. Ẹ ṣáà ní ẹ ń wá Yọmí Abẹ́-Omi. Kódà ẹni tó ń ta gúgúrú lójú títì á fi ọwọ́ júwe ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, á sì rẹ́rìn-ín sí i. Ọkùnrin náà kúrú díẹ̀, ó sanra díẹ̀, irun àárín orí ẹ̀ sì ti ń dágbére, ṣùgbọ́n bó bá ti gbé kámẹ́rà dání, ara ẹ̀ kì í balẹ̀ mọ́, àfi bí ewúrẹ́ tó rí iyọ̀.

Ọmọ Òṣú ni, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Ifẹ̀. Òṣogbo ló ti kọ́ṣẹ́ fótò, nígbà tí wọ́n ṣì ń fọ fótò nínú yàrá dúdú tí wọ́n ń sá a sórí okùn bí aṣọ ìkókó. Ó gba fíríìdọ̀mù, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó fẹ́ Bánkẹ́, ayé sì gún. Bí ọmọ bá pé ọdún kan, Yọmí. Bí wọ́n bá ń ṣègbéyàwó, Yọmí. Bí àgbàlagbà bá fẹ́ ya èyí tí wọ́n máa fi ṣe ìkéde òkú ẹ̀ kó tó kú, Yọmí náà ni. Àfi ìgbà tí fóònù dé. Gbogbo ayé di onífótò. Ìyàwó á dúró níwájú Yọmí, Yọmí á ní kó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, kó tó gbé e, àwọn àbúrò ìyàwó ti yà á tán, wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn.

Ọjọ́ kan ló rí fídíò òyìnbó kan tó wọ inú òkun lọ, tó ń ya ẹja aláràbarà. Yọmí fò dìde lórí àga.

"Ìyá Ìbùkún! Ibi tí fóònù wọn ò lè dé nìyí!"

Bánkẹ́ ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́, kò gbójú sókè. "Níbo, Bàbá Ìbùkún? Ìsàlẹ̀ òkun? Òkun wo ló wà l'Ọ́fàtẹ̀dó?"

"Kò dìgbà tó bá jẹ́ òkun. Omi ni omi ń jẹ́."

"Dúrọ́ọ̀mù omi ìfọṣọ wà lẹ́yìnkùlé o. Ẹ ṣáà má bẹ́ sínú ẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, kò bẹ́ sínú ẹ̀, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀. Kámẹ́rà tí wọ́n dìídì ṣe fún abẹ́ omi, owó ẹ̀ ju agbára Yọmí lọ, ló bá ní òun á dá ọgbọ́n tòun. Ó mú fóònù ẹ̀ àtijọ́, ó kì í bọ náílọ́ọ̀nù, ó fi rọ́bà so ó lẹ́nu bíi mọ́ínmọ́ín, ó sì tẹ̀ ẹ́ rì sínú dúrọ́ọ̀mù. Fóònù náà ya fótò kan ṣoṣo, ó sì gbabẹ̀ kú. Gbogbo ọjọ́ yẹn ni Bánkẹ́ fi ń kí i kú ará fẹ́ra kù.

Ó tún lọ bá Ọmọ́tọ́ṣọ́ onígíláàsì, ẹni tó máa ń ṣe fèrèsé, pé kó bá òun fi gíláàsì kan àpótí kékeré tí omi ò ní lè wọ̀, tí òun á máa gbé kámẹ́rà sí. Ọmọ́tọ́ṣọ́ fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo etí ẹ̀, ó le dáadáa. Omi ò wọ̀ ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò rì! Bí Yọmí bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á ta sókè bí agbè, á máa léfòó, á sì máa yí kiri. Yọmí padà lọ fi ìjà bá a.

"Bọ̀ọ̀dá, omi tí kò gbọdọ̀ wọlé lẹ sọ fún mi," Ọmọ́tọ́ṣọ́ dá a lóhùn. "Ẹ ò sọ pé ẹ tún fẹ́ kó rì. Onírúurú iṣẹ́ méjì nìyẹn."

Wọ́n wá so òkúta mọ́ ọn nídìí. Ó rì o, ṣùgbọ́n ó di ẹrù alábàárù. Ọwọ́ méjèèjì ni Yọmí fi ń gbé e, kò wá sí ọwọ́ tó máa fi tẹ kámẹ́rà. Ìgbà tó yá ló rí kámẹ́rà tòkunbọ̀ kékeré kan lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù ní Òṣogbo, kò tóbi ju ọṣẹ ìwẹ̀ lọ, ó ní ilé rọ́bà tirẹ̀ tó ń gbé inú ẹ̀. Gíláàsì ojú ẹ̀ ti họ, bọ́tìnnì ẹ̀ kan kì í dáhùn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ bọ omi, á yọ tòun tẹ̀mí ẹ̀. Yọmí so ó mọ́ igi ìgbálẹ̀, ó di irinṣẹ́.

Lọ́dọ̀ Kàósárà ló ti fi í kọ́ṣẹ́. Kàósárà ni aládùúgbò wọn tó ń sin ẹja àrọ̀ nínú odò sìmẹ́ńtì. Obìnrin náà á dúró lẹ́bàá ẹ̀, á kọ́wọ́ sẹ́yìn, á máa wò ó bó ṣe wọ inú omi ẹja tòun ti ṣòkòtò péńpé.

"Wàláì, Bàbá Ìbùkún, ẹ̀rù yín ti ń ba ẹja mi. Láti ìjẹta ni wọn ò ti jẹun dáadáa. Wọ́n rò pé ẹja tuntun lẹ jẹ́."

Ibẹ̀ ni Yọmí ti mọ àṣírí iṣẹ́ náà. Bí omi kò bá mọ́ gaara, sún mọ́ ohun tí o fẹ́ yà, kó kù díẹ̀ kí ẹ fẹnu ko ara yín lẹ́nu. Jẹ́ kí oòrùn wà ní àárín orí. Lọ sísàlẹ̀, kí o máa wo òkè, torí òkè ni ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀. Fótò ẹja kan tó yà báyìí, tó fi irùngbọ̀n ẹ̀ hàn kedere, ó fi kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá á dúró. Obìnrin kan wò ó títí, ó ní ó jọ onílé àwọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín lọ ràì, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò sanwó pé kí ó ya òun lábẹ́ omi. Odò Ọ̀ṣun ńkọ́? Kò sí ọmọ Òṣogbo tí orí ẹ̀ pé tó máa lọ na igi ìgbálẹ̀ sójú ẹja Ọ̀ṣun. Àti pé látìgbà tí wọ́n ti ń wa góòlù lápá òkè lọ́hùn-ún, omi ọ̀hún ti dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé torí owó nìkan ni Yọmí ṣe ń ba ara ẹ̀ jẹ́ nínú omi ẹja. Ohun kan wà lọ́kàn ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá ẹ̀ ni.

Julianah lorúkọ ìyá náà, ṣùgbọ́n Màmá Aláṣọ ni gbogbo Òṣú ń pè é, nítorí aṣọ ló fi gbogbo ayé ẹ̀ tà. Ọmọ Iléṣà ni, inú Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n bí i sí, wọ́n sì ti wọ́n omi sí i lórí láti ọmọ ọwọ́. Nígbà tó fẹ́ bàbá Yọmí, ó bá ọkọ lọ sí ìjọ tiẹ̀ l'Óṣùú. Ìjọ yìí ò mọ omi wíwọ́n. Àfi kí odò bò ọ́ mọ́lẹ̀ pátápátá kí wọ́n tó gbà pé o ti ṣèrìbọmi, ẹni tí kò bá sì tíì ṣe é kò gbọdọ̀ dé ibi tábìlì Olúwa. Bí wọ́n bá fẹ́ jẹ oúnjẹ mímọ́, irú wọn á dìde, wọ́n á bọ́ síta pẹ̀lú àwọn ọmọdé. Látìgbà tí Yọmí ti gbọ́njú ni ìyá ẹ̀ ti ń bọ́ síta. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní ó di ìgbà mìíràn. Bàbá Yọmí bẹ̀ ẹ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Gbogbo ìjọ ti gbà pé ẹ̀rù omi ló ń ba Màmá, wọ́n ò sì bi í mọ́.

Lọ́dún yìí, ọmọ Yọmí, Ìbùkúnolúwa, ti parí kíláàsì ìrìbọmi. Bó bá ti jáde nínú omi, á di ẹni tó ń bá wọn jókòó sídìí tábìlì. Ọmọ-ọmọ á wà nínú ilé, ìyá bàbá á wà níta. Ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ Yọmí lọ́kàn. Ó ní òun fẹ́ rí ìyá òun nídìí tábìlì yẹn, kí ọjọ́ ó tó lọ.

"Ohun tójú ò rí ló ń dẹ́rù bani," ó sọ fún Bánkẹ́. "Bí mo bá ya abẹ́ omi fún màámi, tí wọ́n rí i pé iyanrìn àti ẹsẹ̀ èèyàn nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ̀rù á tán."

Bánkẹ́ ronú sí i. "Èyí mọ́gbọ́n dání," ó ní. "Ó yà mí lẹ́nu."

Yọmí gbéra lọ bá Pásítọ̀ Akíndélé l'Óṣùú, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ṣàlàyé.

"Bọ̀ọ̀dá Yọmí, níbo lẹ ní ẹ fẹ́ wà?"

"Abẹ́ omi, sà."

"Ṣebí ẹ ti ṣèrìbọmi tẹ́lẹ̀?"

"Mo ti ṣe é, sà."

"Kí lẹ wá gbàgbé síbẹ̀?"

Àwọn díákónì rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n wọ́n gbà fún un, pé bí kò bá ṣáà ti ní kọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀.

Àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni, odò kékeré ẹ̀yìn ìlú náà mọ́ débi pé èèyàn lè ka òkúta ìsàlẹ̀ ẹ̀. Yọmí ti wọ omi kí wọ́n tó dé. Ó jókòó sápá ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, kí ẹrẹ̀ tí ẹsẹ̀ wọn bá rú lè máa bá omi lọ sísàlẹ̀, kó má dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Bí wọ́n bá ti fẹ́ ri èèyàn, á fa èémí sínú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ á wú bíi ti ọ̀pọ̀lọ́, á rì. Bí ẹni náà bá ti jáde, òun náà á yọ orí, á máa húkọ́. Àwọn ìyá tó ń kọrin létí odò ò mọ èyí tí àwọn ìbá wò nínú méjèèjì. Nígbà tó kan Ìbùkún, ọmọ náà rí bàbá ẹ̀ lábẹ́ omi, ẹ̀rín gbọ̀n ọ́n, ó mu omi odò díẹ̀, ó sì jáde ní ẹni tuntun.

Ọjọ́ kejì ni Yọmí tẹ fótò náà jáde lórí bébà ńlá, tí òun àti Bánkẹ́ gbé e lọ fún Màmá, tí kì í bá wọn dé etí odò. Màmá wọ awò ojú ẹ̀. Ó ń wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú àwọn èèyàn dì pinpin, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kún, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń tàn wálẹ̀ lé wọn lórí bí okùn wúrà. Ó dé orí èyí tí aṣọ Pásítọ̀ ti fẹ́ sókè nínú omi.

"Háà! Pásítọ̀ wọ ṣòkòtò bọ́ọ̀lù sábẹ́ aṣọ funfun!"

"Màámi, ẹ wo iyanrìn yẹn," Yọmí ní. "Ẹ wò ó bó ṣe mọ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó lè dẹ́rù ba èèyàn."

Màmá ò gbọ́ ọ. Ó ti dé orí fótò obìnrin kan tí wọ́n rì, tí aṣọ ìrìbọmi ẹ̀ gbafẹ́fẹ́ sínú, tó wú bí agbòòrùn, tó sì gbé ara ẹ̀ sókè dé itan. Ó gbé e sún mọ́ ojú.

"Irú aṣọ wo rèé?" ó béèrè. "Ṣé wọ́n ṣì ń rán an bẹ́ẹ̀ di òní?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rán an, Màámi," Bánkẹ́ dáhùn. "Aṣọ ìjọ ni."

"Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí. Bó bá ti tutù, afẹ́fẹ́ ò ní ríbi gbà jáde. Ó gbọ́dọ̀ wú ni." Ó yọ awò ojú. "Ọlọ́runyọmí, ta ló sọ fún ùwọ pé ẹ̀rù omi ń bà mí?"

Yọmí ya ẹnu. "Gbogbo ìjọ ni, Màámi."

"Mo lúwẹ̀ẹ́ nínú odò n'Íléṣà kí bàbá ẹ tó mọ̀ pé wọ́n bí mi sáyé. Omi wo ló máa dẹ́rù bà mí?"

Ibẹ̀ ló ti wá tú kẹ̀kẹ́ ọ̀rọ̀. Ó ní nígbà tí òun ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun l'Óṣùú, òun bá wọn lọ sétí odò lọ wo ìrìbọmi, kí òun lè mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n ri ìyàwó ilé kan. Obìnrin náà lọ sísàlẹ̀, aṣọ ẹ̀ lọ sókè. Gbogbo etí odò ló rí i. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Ọjọ́ náà lòun búra.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn pé aṣọ náà ni kò dáa?" Bánkẹ́ béèrè.

Màmá wò ó bí ẹni tó béèrè ìdí tí iná fi ń jó ni. "Bánkẹ́, ta ló ń rán aṣọ náà?"

Yọmí rántí. Ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ obìnrin ni, Phebe, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Òun ló ń rán gbogbo aṣọ ìjọ. Ìyàwó wo ló máa dé ilé ọkọ, tó tún jẹ́ aláṣọ, tó máa wá sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ń tú èèyàn síhòòhò létí odò? Màmá sì yàn kí wọ́n máa pe òun ní ojo. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ti lọ tipẹ́, ṣùgbọ́n ó ti di bárakú: wọ́n á ní ẹ̀rù ń bà á, á ní ó dìgbà mìíràn.

"Ní báyìí ńkọ́, Màámi?" Yọmí ní, ohùn ẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Ní báyìí kẹ̀? Nígbà tí ùwọ náà tún ti wà lábẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà? Kí lo fẹ́ yà lára ìyá ẹ?"

Bánkẹ́ ṣubú lulẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n bù fún un lómi.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi gbogbo ayé ẹ̀ ta aṣọ, bí ẹ bá ti fi àléébù aṣọ hàn án, kò lè sùn mọ́. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, Màmá ti dé Ọ̀fàtẹ̀dó. Ó ti já aṣọ funfun kan tó nípọn jáde nínú ẹrù àtijọ́, ó ti fi ọwọ́ ara ẹ̀ gé e. Ó ya etí ẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí afẹ́fẹ́ lè ríbi gbà, ó fi okùn sí ìsàlẹ̀ ẹ̀ tí wọ́n á so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, ó sì rán ṣòkòtò tó máa wà lábẹ́ ẹ̀.

"Bánkẹ́, wọ̀ ọ́."

"Èmi kẹ̀, Màámi?"

"Ṣebí ọmọ mi ní kámẹ́rà abẹ́ omi. Kó yà á kí n rí i."

Bó ṣe di pé Bánkẹ́, tó ti fi Yọmí ṣẹ̀fẹ̀ látọjọ́ yìí, ló wọ inú odò sìmẹ́ńtì Kàósárà nìyẹn. Oore Ọlọ́run ni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹja jáde tí wọ́n sì ti fa omi tuntun sí i. Bánkẹ́ á rì, Yọmí á yà á. Màmá á wo fótò náà, á ní kí wọ́n sún okùn sókè. Bánkẹ́ á tún rì.

"Ìyá Ìbùkún, mo ti sọ fún yín pé omi ni omi ń jẹ́," Yọmí ní.

"Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀," Bánkẹ́ dáhùn, eyín ẹ̀ ń gbá ara wọn. "Ẹ ṣáà tẹ kámẹ́rà yín."

Kàósárà ní bóyá kí òun kúkú máa gba owó ìwọlé.

Nígbà tó yá, fótò kan jáde tí aṣọ náà dúró jẹ́ẹ́ lára Bánkẹ́ láti ọrùn dé kókósẹ̀. Màmá wò ó, ó tún wò ó. Ó ká aṣọ náà sínú àpò ẹ̀, bó ṣe tutù náà.

"Sọ fún Pásítọ̀ pé mo ń bọ̀," ó ní. Yọmí yí ojú sí ògiri, ó ní omi ẹja ló kó sí òun lójú.

Pásítọ̀ ò jẹ́ kó tutù. Ó ní kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rú odò, àwọn á ṣe ìrìbọmi kan sí i. Lọ́jọ́ náà, Òṣú fẹ́rẹ̀ẹ́ má ku ẹnì kan sílé. Màmá sọ̀ kalẹ̀ sínú omi bí ẹni tó ń lọ sọ́jà, kò di ẹnikẹ́ni mú. Ó kọ́kọ́ wá ibi tí Yọmí wà.

"Ùwọ tí o wà níbẹ̀ yẹn, orí mi ni kí o yà o."

"Orí yín ni, Màámi."

Pásítọ̀ gbàdúrà, ó dì í mú léjìká, ó rì í. Yọmí rì pẹ̀lú ẹ̀. Ó rí i kedere: aṣọ náà ò mira. Yàtọ̀ sí Ìbùkún, gbogbo àwọn tó kù ló di ojú, ṣùgbọ́n ìyá ẹ̀ la ojú sílẹ̀ rokoṣo, ó tẹ orí wá síwájú, ó ń wo etí aṣọ ara ẹ̀ bóyá ó ń wú. Yọmí na ìka sí bọ́tìnnì.

Ṣùgbọ́n Màmá ò gòkè. Ẹ ṣáà mọ̀ pé aṣọ tó nípọn ni. Ó ti mu omi yó. Bánkẹ́ tó kéré lọ́jọ́ orí ti ń fi agbára ara ẹ̀ dìde, kò sẹ́ni tó ronú kan ìwúwo ẹ̀. Pásítọ̀ fà á, ó fà á, ẹsẹ̀ òun fúnra ẹ̀ yọ̀. Orin dá létí odò. Yọmí ju igi ìgbálẹ̀ nù, kámẹ́rà bá omi lọ, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ apá ìyá ẹ̀, ó gbé e, òun, Pásítọ̀ àti díákónì kan, gbogbo wọn jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Màmá nu ojú. Ó kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ aṣọ ẹ̀.

"Ṣé ó gbéra?"

"Kò gbéra, Màámi," Yọmí ní, ó ṣì dì í mú ṣinṣin.

"Ó dáa. Ẹ pariwo halelúyà nígbà náà. Kí lẹ dákẹ́ sí?"

Wọ́n rí kámẹ́rà náà nísàlẹ̀ odò, igi ìgbálẹ̀ ti há mọ́ gbòǹgbò. Kò kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n délé tí wọ́n wò ó, ìka Yọmí ò kan bọ́tìnnì. Kò sí fótò Màmá kankan níbẹ̀.

"Gbogbo wàhálà yẹn," Bánkẹ́ ní, "fótò mi nínú odò ẹja nìkan ló kù nílẹ̀." Kò sì fi ṣẹ̀fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó rí ojú ọkọ ẹ̀, pé inú ẹ̀ dùn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí wọ́n tẹ́ tábìlì Olúwa, wọ́n ní kí àwọn tí kò tíì ṣèrìbọmi máa bọ́ síta. Àwọn ọmọdé dìde. Màmá náà dìde, ó ti mọ́ ọn lára. Ìbùkún fà á láṣọ jẹ́ẹ́jẹ́, ó sì jókòó padà. Búrẹ́dì kọjá, ó jẹ ẹ́. Nígbà tí ife kékeré náà dé ọwọ́ ẹ̀, ó dì í mú, kò mu ún. Ó ń wò ó. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń dúró.

Yọmí tẹ̀ sí i létí. "Màámi, ẹ mu ún. Wọ́n ń retí wa."

"Ṣé ùwọ nìkan lo ní ojú ìwòran ni?" ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Jẹ́ kí n wò ó."

Ìyá ẹ̀ wò ó tẹ́rùn, ó sì gbé e mu.